Wọn Tí Olùgbọ́ Ń Retí

“Lọ́jọ́ tí ìyá mi bí mi, kí n tó ké, mo ti kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ agbẹ̀bí ṣe,” ni Jẹ́gẹ́dẹ́ wí, ó sì bu òkèlè púpurú kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí ọmọ tuntun. “Iná ẹ̀rọ ọ̀hún ń ṣẹ́jú pákápáká. Àwọn dókítà kún yàrá, wọ́n ń họrí. Mo bá fi ìwọ́ mi tí wọn ò tíì gé na ibi tó bà jẹ́ sí wọn, mo ní, ‘Ẹ̀yin ará ibí yìí, àmì ìdánudúró lẹ gbàgbé.’ Wọ́n fi í sí i. Iná dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wá ráyè ké.”

Àwọn ọkùnrin tó ń tún ògiri òkun ṣe, tí wọ́n jókòó yí i ká níbi oúnjẹ ọ̀sán, rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi há ọ̀kan nínú wọn lọ́fun.

“Irọ́ rẹ yìí, Jẹ́gẹ́dẹ́,” ni ẹni tó dàgbà jù nínú wọn wí, “bí a bá fi mọ ògiri, omi ò ní kán wọ Odi-Òkun mọ́ láyé.”

“Ta ló wà níbẹ̀ tó lè já mi nírọ́?”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ti dákú. Ayọ̀ ló gbé wọn ṣánlẹ̀.”

Bàbá arúgbó kan ń tọ ọ̀nà bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bó ti dé iwájú ilẹ̀kùn ojú pópó, ilẹ̀kùn náà ṣí fúnra rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, “Ẹ káàsán o, Bàbá Ayélàágbé. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ o, àtẹ̀gùn ń yọ̀.” Inú bàbá náà dùn débi pé ó fọwọ́ pa irin ilẹ̀kùn lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. “Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa,” ló wí.

Jẹ́gẹ́dẹ́ lu àyà. “Ṣé ẹ gbọ́? Kí n tó dé ibẹ̀, kí ni ilẹ̀kùn yẹn máa ń wí? ‘Ayélàágbé, kọjá.’ Bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu!”

Èyí kì í ṣe irọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ ti ẹnu Jẹ́gẹ́dẹ́ jáde. Gbogbo ilẹ̀kùn Odi-Òkun, gbogbo fìtílà, gbogbo ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nílùú, ọwọ́ Olùgbọ́ ló wà, ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé inú yàrá nísàlẹ̀ ògiri. Olùgbọ́ gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò mọ àgbà yàtọ̀ sọ́mọdé. Orúkọ ló ń fi pe olórí ìlú bó ṣe ń fi pe ọmọ ọmú. Nígbà tó pe Bàbá Ayélàágbé ní “ìwọ” lójú àwọn àna wọn, àwọn àgbà ìlú gbé ọmọ odó, wọ́n ní àwọn máa gún ẹ̀rọ náà bí iyán. Ìgbà yẹn ni Jẹ́gẹ́dẹ́ yọjú, ó ní òun á kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀. Ó sì kọ́ ọ. Ìyẹn ni wọ́n fi ń fún un ní púpurú ọ̀fẹ́.

Ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀ nígbà tí fèrè ògiri ké.

Bí fèrè ògiri bá ké ní Odi-Òkun, ọmọ tó ń mu ọmú á tu ọmú. Ìlú náà wà nísàlẹ̀, òkun wà lókè. Ẹja ń wẹ̀ níbi tó ga ju òrùlé ilé. Ògiri nìkan ló wà láàárín wọn. Gbogbo àwọn ọkùnrin náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, abọ́ sì dà sílẹ̀.

Ìbídùnní, obìnrin tó ń ṣọ́ Ẹnu Odi, sáré yọ ní kọ̀rọ̀. Gèlè rẹ̀ ti bọ́, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò wo ẹlòmíràn. Jẹ́gẹ́dẹ́ ló dojú kọ.

“Ìwọ! Dìde ńbẹ̀! Ìyá mi wà nínú Ẹnu Odi, ilẹ̀kùn ìta kọ̀, kò tì. Ilẹ̀kùn inú kọ̀, kò ṣí. Òkun sì ń kún bọ̀.”

Púpurú tó wà lẹ́nu Jẹ́gẹ́dẹ́ di òkúta.

Ẹnu Odi ni yàrá irin tó wà nínú ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ wo ògiri láti ìta nígbà tí omi bá fà, ibẹ̀ ló ń gbà. Bó bá padà, yóò wọ yàrá náà, ilẹ̀kùn ìta á tì mọ́ omi lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn inú á tó ṣí. Méjèèjì kì í ṣí pọ̀ láé. Bí wọ́n bá ṣí pọ̀, òkun á wá kí gbogbo ìlú nílé. Màmá Morádéyọ̀, ìyá Ìbídùnní, olórí àwọn tó ń bójú tó ògiri, ti jáde láàárọ̀, wọ́n sì ti padà. Ilẹ̀kùn ìta sì là sílẹ̀ gbàgà lẹ́yìn wọn bí ẹnu aláìgbọ́n.

“Ẹ wá ọmọ odó,” ni Jẹ́gẹ́dẹ́ wí. “Ẹ jẹ́ ká fọ́ ilẹ̀kùn inú.”

“Ká fọ́ ọ kí gbogbo wa lè kú? Orí rẹ dà? Ìwọ lo fọwọ́ kan Olùgbọ́ kẹ́yìn, ìwọ ni wàá wá tún un ṣe.” Ìbídùnní gbá a mú ní ọrùn ẹ̀wù, ó sì ń wọ́ ọ lọ.

Ẹ̀rù méjì ló ń ba Jẹ́gẹ́dẹ́ bó ti ń rìn bí àgbò tí wọ́n ń fà lọ ọjà. Àkọ́kọ́ ni ti Màmá. Èkejì wà nínú àpò rẹ̀, tí ó fi àkísà wé. Òrùka ni. Láìsí òrùka, Olùgbọ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, àwọn ọ̀gá tó bá sì parí ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń rọ òrùka fún. Jẹ́gẹ́dẹ́ kò parí ohunkóhun rí láyé rẹ̀ àyàfi oúnjẹ. Òrùka Bàbá Akínṣuyì ni, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ díẹ̀ kí ikú tó mú wọn. Ó mú un lójú fèrèsé kí àwọn tó máa wẹ òkú tó dé. Ẹni tó bá fi òrùka olóòrùka fọwọ́ kan ẹ̀rọ, Oko Iyọ̀ ni wọ́n ń rán an lọ. Àwọn tó bá lọ wa iyọ̀ níbẹ̀ ń padà wálé bí pańla, ojú wọn a sì máa wo ọ̀ọ́kán bíi ti ẹja gbígbẹ.

Wọ́n dé yàrá Olùgbọ́. Ògiri kan jẹ́ gíláàsì nípọn. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni Màmá Morádéyọ̀ dúró sí nínú Ẹnu Odi. Omi ti dé orúnkún wọn. Ìgbì kan wọlé láti ìta, ó gbá wọn mọ́ irin, wọ́n di ọ̀pá mú.

“Ìbídùnní!” Ohùn wọn gba inú páìpù wọlé. “Ṣé o ti rí ọmọ náà?”

“Mo ti rí i, Màmá! Ẹ di ọ̀pá yẹn mú dáadáa!”

Jẹ́gẹ́dẹ́ yí sí Ìbídùnní, ó fi ọwọ́ lé e lọ síta. “Jọ̀ọ́, dúró síta. Ẹ̀rọ yìí ń tijú. Bí èèyàn kejì bá ti wà níbí, kì í sọ̀rọ̀.” Irọ́ tó fi ń lé gbogbo ayé kúrò nìyẹn láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

“Kó máa tijú,” ni Ìbídùnní wí. “N ò ní ẹsẹ̀ tí mo fi máa kúrò níbí.”

“Èèwọ̀ ni, mo sọ fún ẹ.”

“Jẹ́gẹ́dẹ́, bí o kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn báyìí, màá gbé ẹ gba inú páìpù wọlé lọ bá ìyá mi.”

Ìgbì mìíràn wọlé. Omi bá Màmá ní itan. Jẹ́gẹ́dẹ́ wo gíláàsì, ó wo àpò rẹ̀. Ó tú àkísà, ó ti òrùka bọ ìka, ìka tí ìbẹ̀rù ti jẹ́ kó wú bíi sọ́séèjì.

Iná Olùgbọ́ tàn. “Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Akínṣuyì,” ló wí. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Ìbídùnní yí ojú sí i díẹ̀díẹ̀. “Akínṣuyì wo?”

“Orúkọ... orúkọ iṣẹ́ ni. Gbogbo wa la ń jẹ́ Akínṣuyì nídìí ẹ̀rọ.”

Ó wò ó, ó tún wo ìyá rẹ̀ nínú omi. “Ṣe é,” ló wí. “Ìyókù dọ̀la.”

“Olùgbọ́, ti ilẹ̀kùn ìta Ẹnu Odi!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, n kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn síta. Ẹnì kan ti wọlé. Mo ń retí wọn.”

“Ta lò ń retí?”

“Wọn.”

Irun orí Jẹ́gẹ́dẹ́ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ẹnu ọ̀nà ìta nínú gíláàsì. Omi aró nìkan ló ń ru níbẹ̀. Kò sí ẹ̀dá kankan. Ta ni ẹ̀rọ yìí ń rí tí òun kò rí? Ó ronú àwọn tó ti bómi lọ kí wọ́n tó mọ ògiri, gbogbo wọn tò sílẹ̀ níta, tí wọ́n ń dúró kí ilẹ̀kùn fún wọn láyè.

“Wọn ò bọ̀ mọ́!” ló pariwo. “Máa ti ilẹ̀kùn lọ!”

“Ta ni kò bọ̀ mọ́, Bàbá? Ẹ dárúkọ wọn kí n lè yọ wọ́n kúrò nínú ìrètí.”

Irọ́ pípa ni, ìyẹn sì rọrùn. “Lámọrín!”

“Lámọrín kò sí nílùú yìí. Òfo ni.”

“Tàmẹ̀dù!”

“Tàmẹ̀dù kò sí. Òfo ni.”

“Làkáṣègbè! Làgbájá! Ọmọ Làgbájá!”

“Òfo. Òfo. Òfo. Mo ń retí wọn.”

“Ó ti dé ìbàdí wọn!” ni Ìbídùnní ké.

Jẹ́gẹ́dẹ́ sáré ṣí ọ̀rọ̀ tó kọ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà tàn sójú ògiri, ó gùn bí òkú ejò. Ó rántí pé òun ló kọ “wọ́n” síbi tí “ó” wà tẹ́lẹ̀. Ó dáa, ká dá a padà! Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. “Olùgbọ́, níbikíbi tí ‘wọ́n’ bá wà nínú rẹ, sọ ọ́ di ‘ó’. Gbogbo ẹ̀!”

“Gbogbo ẹ̀, Bàbá?”

“Gbogbo ẹ̀ ni mo wí!”

Iná ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí gbogbo ará Odi-Òkun ń gbọ́ látinú oyún, ohùn àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi, kú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀lé e gbọ̀n wọ́n létí ju àrá lọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù tó ń mí lókèèrè, húù, húù, bí arúgbó tó ń gòkè.

“Kí lo ṣe?” ni Ìbídùnní sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ohun tó ṣe yé e lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú Olùgbọ́ látijọ́ pé: *àwọn ẹ̀rọ omi, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́.* Ó ti sọ ọ́ di: *kí ó máa ṣiṣẹ́.* Ọ̀kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́, ìyókù ti lọ sùn, ilẹ̀kùn ìta kò sì rí agbára tì. Láti òde ni igbe àwọn èèyàn ti ń wọlé: omi ń yọ ní gọ́tà.

“Dá a padà! Dá a padà! Olùgbọ́, mo tọrọ àforíjì, dá a padà!”

Àwọn ẹ̀rọ omi tún hó. Jẹ́gẹ́dẹ́ jókòó sílẹ̀ gbì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Omi ti dé àyà Màmá nísinsìnyí. Wọ́n ti gun orí ìjókòó irin, ẹnu wọn sì súnmọ́ ẹnu páìpù.

“Jẹ́gẹ́dẹ́,” ni wọ́n wí. Ohùn wọn kò gbọ̀n, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. “Kí ni ilẹ̀kùn yìí ń wí?”

“Ó ní òun ń retí yín, Màmá. Rárá o. Ó ní òun ń retí wọn.”

“Àwọn wo? Èmi nìkan ni mo jáde. Èmi nìkan ni mo padà.”

“Mo mọ̀, Màmá. Mo ní kó máa bọ̀wọ̀ fún yín ni. Mo ní kó máa pè yín ní wọn.”

Ìbínú wọ ohùn Màmá. “Ọmọ yìí, ṣé o ti sọ fún un pé ẹnì kan ni wọn?”

Jẹ́gẹ́dẹ́ fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀.

Lẹ́nu tiwa, wọn lè jẹ́ ìyá ẹni tó dá jókòó nínú yàrá. Ṣùgbọ́n irin kò ní ìyá. Lójú Olùgbọ́, wọn jẹ́ èrò. Láàárọ̀, nígbà tí Màmá ń jáde, ó ti kà á pé *wọ́n jáde*. Nígbà tí wọ́n padà, ara kan ṣoṣo ló rí. Nígbà tí Jẹ́gẹ́dẹ́ dán an wò pẹ̀lú àwọn àgbà ìlú, gbogbo wọn ló jùmọ̀ jáde, tí wọ́n jùmọ̀ wọlé, pẹ̀lú ìkíni lọ́tùn-ún lósì, ló bá rò pé òun ti ṣe tán. Àwọn ilẹ̀kùn ojú pópó kì í ka èèyàn. Ẹnu Odi nìkan ló ń kà, kó má baà ti èèyàn mọ́ òkun.

“Kò sí òkú níta!” ló kígbe. “Ìbídùnní, kò sí òkú níta! Ọ̀wọ̀ ni!”

“Ọ̀wọ̀ wo? Omi ti dé ọrùn wọn!”

Ó fò dìde síwájú ògiri. Ohùn Bàbá Akínṣuyì ń dún ní agbárí rẹ̀, láti ọ̀sán kan tó ń da ata sínú aṣáà wọn, tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa. *Àwòṣe dà bíi mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń gé búlọ́ọ̀kù. Gbogbo ọmọ tó bá tinú rẹ̀ jáde ló jọ ọ́. Bí o bá gbé àwòṣe kan jáde lára òmíràn, ohun tí ọmọ kò bá ní, yóò lọ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ní tirẹ̀, ti bàbá dákẹ́.* Wọ́n wá sín tìtorí ata, ìdálẹ́kọ̀ọ́ sì parí.

Ó fi ìka wá a lójú ògiri títí ó fi rí i:

*Àwòṣe Àgbà, ọmọ Àwòṣe Ènìyàn.*
*Bí a ṣe ń kí i: “Ẹ káàbọ̀.”*
*Bí a ṣe ń kà á: wọn.*

Ìlà ìkẹyìn yẹn! Ta ló rán an níṣẹ́ pé kó kọ ọ́? Àwòṣe Ènìyàn ti ní bí a ṣe ń ka èèyàn tẹ́lẹ̀: ara kan, ẹnì kan. Ó ti fi ti ọmọ pa ti bàbá lẹ́nu mọ́.

“Olùgbọ́! Nínú Àgbà, fi ìkíni sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìlà bí a ṣe ń kà á, pa á rẹ́. Kó lọ jogún kíkà lọ́wọ́ Ènìyàn!”

“Kí n máa kí wọn bí àgbà, kí n sì máa kà wọ́n bí ènìyàn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni! Orí ẹ pé!”

Ìgbì ńlá kan wọlé. Nínú gíláàsì, orí funfun Màmá rì. Ìbídùnní fi ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì lu gíláàsì, kò lè ké mọ́.

“Ẹnì kan jáde,” ni Olùgbọ́ wí, láìkánjú. “Ẹnì kan ti padà. N kò retí ẹnikẹ́ni.”

Ilẹ̀kùn ìta tì gbàmù. Ògiri mì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí fà, ó ń pariwo bí ọ̀nà ọ̀fun òmìrán, orí Màmá sì yọ, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó ṣì di ọ̀pá mú. Wọ́n ń wúkọ́. Ilẹ̀kùn inú ṣí. “Ẹ káàbọ̀ o, Màmá Morádéyọ̀,” ló wí. “Ẹ pẹ̀lẹ́, aṣọ yín tutù.”

Ìbídùnní ṣubú lé ìyá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ògiri ya wọlé, wọ́n gbé Jẹ́gẹ́dẹ́ sókè, ẹ̀mí rẹ̀ sì padà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ti padà ni ẹnu rẹ̀ náà padà. “Òkun gan-an ló bẹ̀ mí,” ló ń wí lórí èjìká wọn. “Ó ní, ‘Jẹ́gẹ́dẹ́, dárí jì mí.’ Mo ní máa lọ, má dán an wò mọ́!”

Màmá Morádéyọ̀ nu ojú wọn. “Olùgbọ́,” ni wọ́n wí, “ta ló tún ọ ṣe?”

“Bàbá Akínṣuyì ni, Màmá.”

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn.

“Ta ló kọ ‘wọn’ síbi kíkà?”

“Bàbá Akínṣuyì náà ni, Màmá. Wọ́n wà níbí báyìí. Wọ́n wà lókè, lórí èjìká èèyàn.”

Màmá gbé ojú sókè. “Akínṣuyì tí mo bu yẹ̀pẹ̀ sí lójú oórì?”

Èjìká tó gbé Jẹ́gẹ́dẹ́ yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó balẹ̀ ní ìdí. Ìbídùnní gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo òrùka náà dáadáa, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Dọ̀la ti pé,” ló wí.

“Màmá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Bàbá Akínṣuyì fúnra wọn ló fara hàn mí lójú àlá, wọ́n...”

“Oko Iyọ̀,” ni Màmá wí.

Òógùn ti mú ọwọ́ Jẹ́gẹ́dẹ́ yọ̀. Ó já a gbà, ó fò kọjá abẹ́ apá ọkùnrin méjì, ó gba ẹnu ọ̀nà. Bó ti ń sáré ló ń fa òrùka náà. Kò bọ́. Ó fi eyín fà á, kò bọ́. Ìka náà ti wú mọ́ ọn.

Ó dé ilẹ̀kùn ojú pópó àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn náà ṣí gbàyàwù, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, bí ó ṣe yẹ kí a kí àgbà: “Ẹ káàsán o, Bàbá Akínṣuyì!”

“Dákẹ́! Mo ní kó o dákẹ́!”

“A dúpẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú eré o. Ẹ rọra, àtẹ̀gùn ń yọ̀.”

Obìnrin kan tó mọ Akínṣuyì dáadáa ju agbọ̀n ẹja nù, ó bẹ́ sínú ilé. Jẹ́gẹ́dẹ́ yà sí ọ̀tún. “Ẹ káàsán o, Bàbá Akínṣuyì!” Ó yà sí òsì. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Akínṣuyì!”

Níwájú Ẹnu Odi, Ìbídùnní bọ́ bàtà kan tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé e. Kò tilẹ̀ sáré. Ibi tí ìkíni bá ti dún, ibẹ̀ ló ń gbà.